Ẹyẹ Kékeré Orí Òkun: Báwo Ni A Ṣe Lè Mọ̀ Ọ́n?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Ajégúnlẹ̀

  Mo mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti wá síbí. Àwọn kan ti èbúté Àpápá wá, àwọn kan ti orí ọkọ̀ ìpẹja wá, àwọn ìyá wa sì ti ọjà Boundary wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, tí ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ yín, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo mú wá. Ẹnìkan lè sọ pé, "Kí ni ti ẹyẹ fún ẹni tó ń wá owó ilé ìwé ọmọ?" Ẹ ní sùúrù. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ ó rí i pé ó kàn wá.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkun máa ń béèrè ìbéèrè kan. Wọ́n á ní, "A wà lójú agbami. A kò rí ilẹ̀, a kò rí igi. A ṣàdédé rí ẹyẹ kékeré kan tí kò tó ẹyẹlé. Ó jọ àwọn ẹyẹ tí ń rìn ní etí omi, ṣùgbọ́n orí òkun ló jókòó sí, ó ń yí bí òkòtó. Ẹyẹ wo nìyẹn?" Àwọn mìíràn á ní orí ọkọ̀ ni ẹyẹ tiwọn bà lé, láàárín àwọ̀n, kò sì bẹ̀rù ènìyàn.

Ìbéèrè yìí ni a ó dáhùn lónìí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ẹ gbọ́ o. Nígbà tí ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bá bà lé ọkọ̀, kí ni a máa ń gbọ́? Ẹnìkan á pariwo pé, "Ẹyẹ àjẹ́ ni! Ẹ pa á!" Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n yí ọkọ̀ padà sílé. Wọ́n á pa ẹyẹ náà, tàbí kí wọ́n fi ẹja òòjọ́ wọn sílẹ̀. Kì í sì í parí síbẹ̀. Bí ọmọ ẹnìkan bá ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé, "Ta ló rán ẹyẹ yẹn?" Ìyá arúgbó kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè tibẹ̀ di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń fura sí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ìfura bẹ́ẹ̀ lè dà.

Àwọn baba wa máa ń pa á lówe pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Òwe rere ni, níbi tí ẹ̀rí bá ti hàn. Ṣùgbọ́n kí a tó pa á fún ẹyẹ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ké. Bí a bá mọ orúkọ ẹyẹ, tí a mọ ìlú rẹ̀, tí a sì mọ ohun tó wá ṣe, ẹ̀rù á kúrò. Ohun tí a mọ̀ kì í ṣe ohun àràmàǹdà mọ́.

Ibi tí àwọn ẹyẹ náà ti wá

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lékeléke ní àkókò tirẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa ń rí i púpọ̀. Nígbà tó bá yá, á lọ. Ẹyẹ pọ̀ tó ń rìn bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì ń rìn jìnnà ju lékeléke lọ.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ kékeré etí omi tí a ń rí ní Èkó, òkè òkun ni wọ́n ti ń pamọ. Àwọn kan ń yé ẹyin ní Yúróòpù. Àwọn mìíràn ń yé tiwọn ní òpin àríwá ayé, ní Greenland, ní Iceland, àti ní ìhà àríwá Canada àti Rọ́ṣíà. Ní oṣù kẹfà, oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀, oòrùn kì í sì í fẹ́ẹ́ wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù bá ń padà bọ̀, ilẹ̀ á dì, oúnjẹ á sì tán. Nítorí náà, láti oṣù keje ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n ń bọ̀ ní Áfíríkà. Wọ́n á wà lọ́dọ̀ wa nígbà ọyẹ́. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, wọ́n á tún padà lọ yé ẹyin.

Ṣé ẹyẹ kékeré lè fò jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ó lè fò ó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ẹyẹ etí omi kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bar-tailed godwit gbéra láti Alaska ní Amẹ́ríkà. Kò bà lé ibì kankan títí ó fi dé Tasmania ní Australia. Ìrìn náà jẹ́ 13,560 kìlómítà, ọjọ́ 11 ló sì gbà á, tọ̀sán tòru. Ẹyẹ náà kò ju bí ọmọ oṣù márùn-ún lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ọn lára ló jẹ́ kí a mọ gbogbo èyí.

Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni ìrìn náà máa ń rọ̀ lọ́rùn. Afẹ́fẹ́ lè gbé ọ̀kan kúrò lọ́nà. Ìkùukùu lè bo ojú ọ̀run. Iná ọkọ̀ lè fà á mọ́ra lóru. Bí ó ti rẹ̀ ẹ́, tó wo iwájú wo ẹ̀yìn, tí kò rí nǹkan kan àyàfi omi, ọkọ̀ yín ni yóò dà bí ilẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tí ó rẹ̀ ni, ó ń wá ibi ìsinmi. Kò sí ẹni tó rán an.

Ohun mẹ́fà tí a ó wò

Bí ẹ bá rí ẹyẹ tí ẹ kò mọ̀, ẹ má kọ́kọ́ wá orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹyẹ náà dáadáa. Ohun mẹ́fà ni kí ẹ wò.

Èkíní ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi ẹyẹ tí ẹ mọ̀ wọ̀n ọ́n. Ṣé ó tó ológoṣẹ́? Ṣé ó tó àdàbà? Ṣé ó tó ẹyẹlé?

Èkejì ni àgógó ẹnu rẹ̀. Ṣé ó gùn ni, àbí ó kúrú? Ṣé ó tọ́, àbí ó tẹ̀? Kí ni àwọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé ó dúdú ni, àbí ó pọ́n bí ọsàn?

Ẹ̀kẹrin ni àwọ̀ ara rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ wo ikùn, ẹ wo ojú. Bó bá fò, ẹ wò ó bóyá ìlà funfun wà lápá rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ìṣe rẹ̀. Ṣé ó ń sáré ni? Ṣé ó ń mi ìdí? Ṣé ó jókòó sórí omi?

Ẹ̀kẹfà ni ibi tí ẹ ti rí i àti ọjọ́ tí ẹ rí i.

Àwọn márùn-ún tó ṣeé ṣe kí ẹ rí

Ẹyẹ etí omi pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú márùn-ún. Púpọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ Yorùbá tí gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí náà mo ń lo orúkọ tó wà nínú ìwé ẹyẹ.

Àkọ́kọ́ ni common sandpiper. Èyí ni ẹ lè rí láìkúrò ní Èkó. Ẹ lọ sí etí ọ̀sà, tàbí ibi tí àwọn òkúta wà létí omi ní Àpápá. Òun nìkan ló sábà máa ń wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun, funfun náà sì gòkè díẹ̀ níwájú apá. Ìdí rẹ̀ kì í sinmi, á máa mì ín sókè sódò. Bó bá ń fò, ó máa ń rẹlẹ̀ sí ojú omi, á sì máa gbọn apá rẹ̀ kíákíá, lẹ́yìn náà á nà án gan-an.

Ẹ̀kejì ni sanderling. Etíkun ni ilé rẹ̀, irú bí ìhà Tarkwa Bay. Bí ìgbì bá padà, á sáré tẹ̀ lé e. Bí ìgbì bá ń bọ̀, á sáré padà. Ní àkókò tó wà lọ́dọ̀ wa, ó funfun ju àwọn yòókù lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà bí eérú. Àgógó rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, kò sì ní ọmọ-ìka ẹ̀yìn. Bó bá fò, ìlà funfun tó fẹ̀ á hàn lápá rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn sanderling tó ń pamọ ní Greenland ń dé Gánà, àwọn kan sì ń lọ títí dé Namibia.

Ẹ̀kẹta ni ringed plover. Àgógó rẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Ó ní ọ̀já dúdú kan láyà, bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Á sáré díẹ̀, á dúró jẹ́ẹ́, á tún sáré.

Ẹ̀kẹrin ni little stint. Òun ló kéré jù. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ológoṣẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àgógó rẹ̀ dúdú.

Àwọn mẹ́rin yìí, ilẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn láàárín òkun, ó ń kọjá lọ ni, tàbí ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọn kì í fi òkun ṣe ilé.

Ẹ̀karùn-ún yàtọ̀. Òun ni grey phalarope. Ẹyẹ etí omi ni, ìbátan àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kúrò níbi tó ti pamọ, orí òkun ló ń gbé fún oṣù púpọ̀. Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ìyẹ́ ikùn rẹ̀ pọ̀, ó ki, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń léfòó bíi kọ́ọ̀kì ìgò. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní awọ pẹlẹbẹ létí, ó ń fi wọ́n wa ara rẹ̀ bí ẹni ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀. Bí ebi bá ń pa á, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Yíyí náà ń fa omi ìsàlẹ̀ sókè, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi á bá a gòkè, á sì máa ṣà wọ́n jẹ. Nítorí náà, òkòtó tí ẹ rí un, oúnjẹ ni ẹyẹ náà ń wá. Kò pe ọfọ̀ kankan.

Àmì rẹ̀ nìyí: ẹ̀yìn bí eérú, ikùn funfun, àti àmì dúdú kan láti ojú lọ sẹ́yìn. Níbi tó ti ń pamọ, àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà di pupa. Abo ló sì máa ń lẹ́wà ju akọ lọ. Bó bá yé ẹyin tán, akọ ló ń sàba lé e. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú, mi ò sọ pé kí ẹ lọ ṣe bẹ́ẹ̀.

Níbo ló pọ̀ sí? Ní Áfíríkà, ó pọ̀ lójú omi Mauritania àti Senegal, àti nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní Namibia àti Gúúsù Áfíríkà. Omi tútù ń ti ìsàlẹ̀ òkun gòkè níbẹ̀, oúnjẹ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Lójú omi tiwa, kò wọ́pọ̀. Atukọ̀ tó bá gba ọ̀nà Dakar bọ̀ wá sí Àpápá ló lè rí i ju apẹja tó wà nítòsí ilé lọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan o. Ẹyẹ kékeré mìíràn wà lójú agbami tí ń fi ẹsẹ̀ jó lórí omi bó ti ń fò. Ara rẹ̀ dúdú, ìdí rẹ̀ nìkan ló funfun. Storm petrel nìyẹn. Ẹyẹ òkun ni, kì í ṣe ẹyẹ etí omi. Ẹ má pè é ní phalarope.

Agbára tó wà nínú ìwé kíkọ

Ibi tí ẹ̀kọ́ yín ti wúlò nìyí. Ojú á rí i, ọkàn á gbàgbé. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ dúdú lè ti di ẹsẹ̀ pupa nínú ìròyìn. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé, "Ṣé ẹnu rẹ̀ kò gùn?" ọkàn yín lè gbà pé ó gùn lóòótọ́. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni. Bí fóònù yín bá lè ya àwòrán, ẹ yà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì.

Ìwé ẹni kìíní: "Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá. Aago méje àárọ̀. A wà lójú omi Senegal. Ẹyẹ tó mẹ́wàá. Wọ́n kéré ju àdàbà lọ. Ẹ̀yìn bí eérú, ikùn funfun, àmì dúdú lójú. Wọ́n jókòó sórí omi, wọ́n ń yí."

Ìwé ẹni kejì: "Ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án. Ìrọ̀lẹ́. A kò tíì jìnnà sí Èkó. Ẹyẹ kan bà lé etí ọkọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, ikùn funfun. Ìdí rẹ̀ ń mì ṣáá."

Ṣé ẹ lè sọ orúkọ ẹyẹ méjèèjì? Ẹ lè sọ ọ́. Phalarope ni ti àkọ́kọ́, common sandpiper ni ti èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí nínú ọkọ̀ náà, ìwé ló jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kọ pé, "Mo rí ẹyẹ kékeré kan, ó fò kọjá," ta ló lè dá a mọ̀? Kò sí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó kọ "N kò mọ orúkọ rẹ̀" sí ìsàlẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó sàn ju kí a fún ẹyẹ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ, pàápàá orúkọ burúkú.

Bí òrùka bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀

Ẹ lè rí òrùka irin kékeré lẹ́sẹ̀ ẹyẹ. Ẹ má sọ pé oògùn ni. Ní ọdún 1899, olùkọ́ kan ní Denmark tó ń jẹ́ Mortensen bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka tó ní nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é káàkiri ayé. Ẹni tó bá rí ẹyẹ náà, tó sì fi nọ́ńbà ránṣẹ́, ló ń jẹ́ kí a mọ ibi tó dé.

Lónìí, ẹ̀rọ tún ti kún un. Ní ọdún 2012, wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àbúrò phalarope yìí, tí wọ́n ń pè ní red-necked phalarope, ní erékùṣù Shetland ní Scotland. Nígbà tó padà dé ní ọdún kejì, wọ́n rí i pé ó ti la òkun Atlantic kọjá, ó ti dé òkun Pasífíìkì nítòsí Ecuador àti Peru. Ẹnikẹ́ni kò rò pé ibẹ̀ ló ń lọ.

Bí ẹyẹ náà bá wà láàyè, ẹ má yọ òrùka rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà bó ti wà gan-an. Ẹ ṣọ́ra kí 1 má di 7. Ẹ lè mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn Nigerian Conservation Foundation ní Lẹ́kí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis tó wà ní Jos.

Ìkìlọ̀

Ẹ má jẹ ẹyẹ tó bà lé ọkọ̀ yín. Ní ọdún 2006, àrùn tí wọ́n ń pè ní bird flu wọ Nàìjíríà, ó sì pa adìẹ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan níhìn-ín ní Èkó. Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ló ní àrùn, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi ojú mọ èyí tó ní in. Ẹyẹ tó rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní ibi òjìji, ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Bó bá sinmi tán, á lọ. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí ẹ bá rí òkú ẹyẹ púpọ̀ lójú kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ fún àwọn dókítà ẹran ti ìjọba.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ọ̀rá àti ike tí a ń dà sínú kánáàlì ní Ajégúnlẹ̀, òjò ń gbé e lọ sínú ọ̀sà, ọ̀sà ń gbé e lọ sínú òkun. Níbi tí omi méjì ti pàdé lójú òkun, tí fóòmù máa ń wà, ibẹ̀ ló ń kó jọ sí. Ẹ̀yin apẹja mọ ibẹ̀, ẹja máa ń wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni phalarope ti ń jẹun. Wọ́n ti bá ike wẹ́wẹ́ nínú ikùn irú ẹyẹ yìí. Ohun tó ń wọ ikùn ẹyẹ kò jìnnà sí ohun tó ń wọ ikùn ẹja, ẹja náà sì ni a ń jẹ.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tí orúkọ àdúgbò wa túmọ̀ sí. Ajé ló gúnlẹ̀ síbí. Púpọ̀ nínú wa pẹ̀lú, ibòmíràn ni àwọn òbí wa ti gúnlẹ̀ síbí. Àjèjì tó rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ béèrè ibi tó ti wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

 

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí àwọn ẹyẹ yìí fi ń kúrò ní ìlú wọn lọ́dọọdún?
2. Dárúkọ ohun mẹ́fà tó yẹ kí a wò lára ẹyẹ tí a kò mọ̀.
3. Báwo ni a ṣe lè mọ phalarope yàtọ̀ sí storm petrel?
4. Kí ló dé tí phalarope fi ń yí bí òkòtó?
5. Wo ẹyẹ kan ní àdúgbò rẹ lọ́la. Kọ ohun mẹ́fà náà nípa rẹ̀ sínú ìwé rẹ, kí o sì kà á fún àwọn ará ilé.